Akọ̀wé yí i, akápò dá a padà: bí a ṣe fi optimistic locking tún ìwé ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn ló ni iṣẹ́ yìí. Optimistic locking ni ọ̀nà tí a kì í fi ti àkọsílẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ tí a ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ìfipamọ́ bóyá ẹlòmíràn ti yí i padà. Wọ́n ní áàpù kan tí wọ́n ń fi bíráúsà ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú orúkọ, fóònù, àdírẹ́sì, báńkì àti ìbátan ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá ni pé kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ mì. Akọ̀wé á yí nọ́mbà fóònù ẹnì kan padà láàárọ̀, á sì fojú ara rẹ̀ rí i pé ó wọlé. Kó tó di ọ̀sán, nọ́mbà àtijọ́ ti padà sáyè rẹ̀. Nínú log (ibi tí áàpù ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí), kò sí àṣìṣe kankan. Nínú ọ́fíìsì, kò sí ẹni tó gbà pé òun fọwọ́ kàn án.

Ohun èlò: PostgreSQL 15 (dátábéèsì náà), Node.js (tó ń ṣiṣẹ́ kóòdù JavaScript lórí sáfà) pẹ̀lú láíbúrárì pg (tó so ó mọ́ dátábéèsì), fèrèsé psql (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ sí PostgreSQL) méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, laptop kan, àti fóònù Android kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára. Ẹ má fojú kékeré wo fóònù yẹn, òun ló tú àṣírí tó le jù. Ní ti owó, a kò ra sọ́fítíwíà kankan. Sáfà ìdánwò kékeré tí a yá ní dọ́là 6 lóṣù àti data ni gbogbo ìnáwó.

1. A mú kó ṣẹlẹ̀ lójú wa

A ṣí bíráúsà méjì. A wọlé bí akọ̀wé nínú ọ̀kan, a wọlé bí akápò nínú èkejì. A wá mú ọmọ ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún ìdánwò nìkan, nọ́mbà 417, a sì ṣe báyìí:

10:02 – akọ̀wé ṣí fọ́ọ̀mù 417.
10:03 – akápò náà ṣí i.
10:05 – akọ̀wé yí nọ́mbà fóònù, ó tẹ "Fi pamọ́".
10:09 – akápò yí orúkọ ìbátan nìkan, ó tẹ "Fi pamọ́".

Nígbà tí a tún fọ́ọ̀mù náà ṣí, ìbátan tuntun ti wà níbẹ̀, fóònù àtijọ́ sì ti padà. A tún un ṣe, ó tún ṣẹlẹ̀. Ohun tó fà á hàn kedere nínú àṣẹ tí fọ́ọ̀mù ń rán sí dátábéèsì:

UPDATE omo_egbe
SET oruko = $1, foonu = $2, adiresi = $3,
    banki = $4, akanti = $5, ibatan = $6
WHERE id = $7;

Akápò kò fọwọ́ kan fóònù rárá. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ti gbé nọ́mbà aago 10:03 sọ́wọ́, tó sì dá a padà pẹ̀lú gbogbo nǹkan yòókù. Àfi bí ẹni méjì tó ya fọ́tòkópì ojú ìwé kan náà lọ sílé, tí ẹni tó dé kẹ́yìn wá lẹ tirẹ̀ mọ́ orí ti ẹni àkọ́kọ́. PostgreSQL dá àwọn méjèèjì lóhùn pé "UPDATE 1", kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan nínú wa ní ká fi transaction sí i (àwọn àṣẹ tí dátábéèsì ń ṣe pa pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ wọlé tàbí kí ìkankan má wọlé). Transaction ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn UPDATE yẹn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ìṣẹ́jú mẹ́rin tí akápò fi ń wo fọ́ọ̀mù tó ti di àtijọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí transaction kankan tó ṣí sílẹ̀.

2. Àwọn ọ̀nà tí a gbìyànjú tí a sì fi sílẹ̀

SELECT ... FOR UPDATE ni ẹnikẹ́ni á kọ́kọ́ rò: kí ẹni tó ṣí fọ́ọ̀mù ti ìlà náà (àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan nínú tábìlì) pa títí tó fi máa parí. Pool láíbúrárì pg (àkójọ ìsopọ̀ rẹ̀ sí dátábéèsì) kì í ju ìsopọ̀ 10 lọ bí ẹ kò bá yí i padà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan fọ́ọ̀mù tó ṣí bá di ìsopọ̀ kan mú, ènìyàn mẹ́wàá tó lọ jẹun ọ̀sán ti tó láti da gbogbo áàpù dúró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lock_timeout nínú PostgreSQL jẹ́ 0 látilẹ̀wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ẹni tó ń dúró de ìlà náà á dúró láìlópin. Lórí sáfà ìdánwò, a fi fèrèsé psql kan sílẹ̀ láìṣe COMMIT (àṣẹ tó ń parí transaction), a wá gbìyànjú UPDATE láti inú èkejì. Kọ́sọ̀ ń ṣẹ́jú, kò sí ìdáhùn. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òpó (column, àyè kan lórí gbogbo ìlà tábìlì) "ta ló ń tún un ṣe lọ́wọ́", pẹ̀lú aago tó máa tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Èyí ṣiṣẹ́ títí iná fi lọ lọ́jọ́ ìpàdé. Kọ̀ǹpútà kú, orúkọ akọ̀wé ṣì wà lórí ìlà mélòó kan, àwọn tó kù sì ń pè wá lórí fóònù pé ká wá bá wọn tú u. Bí ẹ bá dín ìṣẹ́jú kù, á tú nígbà tí ènìyàn ṣì ń tẹ̀wé lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi kún un, ìpè á pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta ni kí fọ́ọ̀mù máa rán àwọn àyè tí ènìyàn yí padà nìkan. Èyí dára, a kò sì yọ ọ́ títí di òní, torí ó parí ọ̀rọ̀ fóònù àti ìbátan lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo báńkì àti nọ́mbà àkáǹtì. Akọ̀wé gbọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan ti kúrò ní báńkì rẹ̀, ó yí orúkọ báńkì, ó sì fi nọ́mbà àkáǹtì sílẹ̀ títí wọn yóò fi mú un wá. Ní àkókò kan náà, akápò rí i pé dígítì kan ṣì nínú nọ́mbà àkáǹtì ti àtijọ́, ó tún un kọ. Kò sí ẹni tó tẹ ti ẹnì kejì mọ́lẹ̀, síbẹ̀ ohun tó kù lórí ìlà náà ni orúkọ báńkì tuntun pẹ̀lú nọ́mbà oní-dígítì 10 ti báńkì àtijọ́. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fowó ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹjọ́ dé nìyẹn.

Ọ̀nà kẹrin ló sún mọ́ ìdáhùn jù: kí fọ́ọ̀mù gbé àkókò àtúnṣe tó kẹ́yìn dání, kí dátábéèsì wò ó bóyá kò tíì yí padà. A ti ní òpó updated_at, nítorí náà ó dà bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. A dán an wò, ó sì kọ gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó dá nìkan wà nínú áàpù. PostgreSQL ń tọ́jú àkókò dé microsecond, Date inú JavaScript kò kọjá millisecond. Ohun tó jáde gẹ́gẹ́ bí 10:05:22.481937 padà wọlé gẹ́gẹ́ bí 10:05:22.481. Àwọn méjèèjì kò lè bára mu láé, àfi bí dígítì mẹ́ta ìkẹyìn bá ṣèèṣì jẹ́ òdo. Ẹ lè gé e kúrú nínú SQL, ẹ sì lè gbé e bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó bá ń lo MySQL, dátábéèsì mìíràn, á bá òdìkejì rẹ̀ pàdé: DATETIME tí a kò fún ní ìdá ìṣẹ́jú-àáyá ń dúró lórí ìṣẹ́jú-àáyá odindi, nítorí náà àtúnṣe méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà á jọ ara wọn. Aago sáfà pàápàá lè padà sẹ́yìn nígbà tí NTP (ètò tó ń mú aago kọ̀ǹpútà bára mu) bá tún un ṣe. Nọ́mbà tó ń gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní gbogbo wàhálà yìí.

3. Òpó kan ṣoṣo

Orúkọ òpó náà ni eda (ẹ̀dà): nọ́mbà tó ń fi ẹyọ kan gòkè nígbàkígbà tí ìlà bá yí padà.

SET lock_timeout = '3s';
ALTER TABLE omo_egbe
  ADD COLUMN eda integer NOT NULL DEFAULT 1;

Láti PostgreSQL 11, fífi òpó kún tábìlì pẹ̀lú DEFAULT tí kò yí padà kì í tún gbogbo tábìlì kọ, nítorí náà ó parí kíákíá. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. ALTER TABLE fẹ́ dá tábìlì náà dì mú fún ìgbà díẹ̀. Bí àṣẹ gígùn kan bá wà níwájú rẹ̀, á tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn náà á tò sẹ́yìn ALTER. Ó sàn kó já lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí ẹ tún un gbìyànjú lálẹ́.

A yan integer, kì í ṣe bigint tó tóbi jù ú lọ. Integer gba 4 byte, ó sì lè ka dé 2,147,483,647; kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ á yí tó bẹ́ẹ̀. Ìdí kejì ni pé láíbúrárì pg ń dá bigint padà gẹ́gẹ́ bí string (ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́mbà), kóòdù tó bá sì ń fi === wé e mọ́ nọ́mbà á máa sọ pé wọn kò bára mu.

4. Àṣẹ náà

UPDATE omo_egbe
SET ibatan = $1, eda = eda + 1
WHERE id = $2 AND eda = $3
RETURNING eda;

$3 ni nọ́mbà ẹ̀dà tí fọ́ọ̀mù gbé dání látìgbà tí ènìyàn ti ṣí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní optimistic locking nìyẹn, èrò tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà H. T. Kung àti John T. Robinson gbé jáde ní 1981: a kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, a gbà pé ìkọlù kò ní pọ̀, a wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹni náà fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹ fi psql méjì wò ó, á yé yín ju àlàyé lọ. Nínú fèrèsé kìíní, ẹ tẹ BEGIN, ẹ ṣe UPDATE pẹ̀lú eda = 7, ẹ má tíì ṣe COMMIT. Nínú èkejì, ẹ ṣe UPDATE mìíràn tó ń wá eda = 7 lórí ìlà kan náà. Á dúró. Ẹ wá tẹ COMMIT nínú èkíní. Lójú ẹsẹ̀, èkejì á jí, á tún WHERE rẹ̀ kà lórí ìlà tuntun, á rí i pé ẹ̀dà ti di 8, á sì dáhùn pé:

UPDATE 0

Bó ṣe rí ní READ COMMITTED nìyẹn, ìpele ìyàsọ́tọ̀ láàárín àwọn transaction tí PostgreSQL ń lò bí ẹ kò bá sọ òmíràn. Bí ẹ bá wà ní REPEATABLE READ, àṣìṣe 40001 ló máa jù sí yín dípò òdo.

"UPDATE 0" kì í ṣe àṣìṣe. Dátábéèsì kò ní pariwo, Node kò ní ju exception (ìkìlọ̀ àṣìṣe). Kóòdù tí kò bá wo rowCount (iye ìlà tí àṣẹ náà yí) á sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ rẹ̀ ti wọlé nígbà tí kò sí ohun tó wọlé, ìyẹn sì burú ju ibi tí a ti ń bọ̀ lọ. Òdo náà lè túmọ̀ sí nǹkan méjì: ẹnì kan ti yí ìlà náà padà, tàbí ẹnì kan ti pa á rẹ́. A máa ń fi SELECT kan wò ó kí a tó sọ̀rọ̀.

Ìdánwò tó tẹ̀ lé e tú nǹkan kan fó. Kóòdù wa máa ń ka ìlà náà láti dátábéèsì nígbà tí ìbéèrè bá dé, á fi ohun tó wá láti fọ́ọ̀mù sí orí rẹ̀, á sì fi pamọ́. Ẹ̀dà tó ń lò nínú WHERE wá jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, kì í ṣe èyí tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Àyẹ̀wò náà kò lè kùnà láé. Gbogbo ìdánwò ẹlẹ́nìkan ń yege, òpó náà sì ń gòkè dáadáa, ó kàn jẹ́ pé kò ṣọ́ ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ rán ẹ̀dà 1 sí ìlà tó ti wà ní ẹ̀dà 9. Bó bá gbà á, ẹ ti rí i.

Ẹ má sì kọ tiyín bí férémúwọ́ọ̀kì yín (àkójọ kóòdù tí ẹ fi kọ áàpù) bá ti ní i. Rails ní lock_version, Hibernate ní @Version, SQLAlchemy ní version_id_col. Django kò bá tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n filter(id=..., eda=...).update(...) ń dá iye ìlà padà, ohun tí ẹ nílò kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó wà lórí MySQL ti lè gbọ́ pé iye ìlà tó ń dá padà ni àwọn tó yí padà ní tòótọ́, kì í ṣe àwọn tí WHERE rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀dà gbọ́dọ̀ gòkè nígbà gbogbo, kò ní da àyẹ̀wò yìí rú.

5. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn

Fọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ló ń kọ̀wé sí tábìlì náà. Script kan (kóòdù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀) wà tó ń ka fáìlì Excel lálẹ́, àwa náà sì máa ń wọ psql nígbà míì láti tún nǹkan ṣe. Bí àwọn yìí bá yí ìlà láìgbé ẹ̀dà sókè, fọ́ọ̀mù tó ṣí lọ́wọ́ kò ní mọ̀. Nítorí náà a gbé iṣẹ́ náà fún dátábéèsì fúnra rẹ̀, nípa trigger (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí ìlà bá yí):

CREATE FUNCTION gbe_eda_soke() RETURNS trigger AS $$
BEGIN
  NEW.eda := OLD.eda + 1;
  RETURN NEW;
END;
$$ LANGUAGE plpgsql;

CREATE TRIGGER eda_soke BEFORE UPDATE ON omo_egbe
FOR EACH ROW EXECUTE FUNCTION gbe_eda_soke();

Lẹ́yìn èyí, ìkọlù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Akọ̀wé ń rí "ẹnì kan ti yí i padà" lórí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn. Òpó kan tó ń jẹ́ igba_to_wole_keyin ló wà nídìí rẹ̀. Nígbàkígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá wọlé láti wo àjẹṣẹ́kù rẹ̀ lórí fóònù, òpó yìí ń yí padà, ẹ̀dà sì ń bá a gòkè. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá dúró níwájú akọ̀wé, tó tún ń fi fóònù wo owó rẹ̀, ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba fọ́ọ̀mù tara rẹ̀ jẹ́. A gbé òpó náà lọ sí tábìlì mìíràn, ariwo yẹn sì dákẹ́. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀ lemọ́lemọ́ kò yẹ kó bá ohun tí ènìyàn ń tún ṣe gbé lórí ìlà kan náà.

6. Ojú fọ́ọ̀mù, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Gbogbo ohun tó wà lókè yìí kò gba àkókò púpọ̀. Ibi tí àkókò wa lọ sí ni ohun tí ènìyàn máa rí nígbà tí a bá kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárín bíráúsà àti sáfà, a tẹ̀ lé ohun tí HTTP (ìlànà tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) ti ní sílẹ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá ṣí, sáfà á fi ETag: "7", ìyẹn nọ́mbà ẹ̀dà, ránṣẹ́. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, bíráúsà á fi If-Match: "7" sí i. Bí kò bá bára mu, sáfà á dá nọ́mbà 412 padà, ìyẹn ni pé ó kọ̀ ọ́. Bí If-Match kò bá sí rárá, 428 (ó ń béèrè kí a fi í sí i), èyí tí ìwé ìlànà RFC 6585 fi kún HTTP ní 2012. 428 yìí ló jẹ́ kí a rí gbogbo ibi tí kóòdù àtijọ́ ṣì ń ránṣẹ́ láìgbé ẹ̀dà dání. Ẹ tàn án láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fi hàn lójú fọ́ọ̀mù ni: "Àkọsílẹ̀ yìí ti yí padà. Ẹ tún ojú ìwé yìí ṣí." Akápò, ìyá àgbà kan tó ti ń bá ẹgbẹ́ náà bọ̀ tipẹ́, tún un ṣí bí a ṣe wí. Gbogbo ohun tó ti tẹ̀ lọ. Ó pè wá.

"Ọmọ mi, tẹ́lẹ̀ ti akọ̀wé ló ń sọnù. Tèmi ló ń sọnù báyìí. Ṣé àtúnṣe nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Mà. A máa tún un ṣe."

"Mi ò bínú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí ohun tí mo kọ."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn la fi ṣe òfin iṣẹ́ náà. Fọ́ọ̀mù ń gbé nǹkan mẹ́ta dání báyìí fún àyè kọ̀ọ̀kan: bó ṣe rí nígbà tí ẹ ṣí i, bó ṣe rí báyìí nínú dátábéèsì, àti ohun tí ẹ̀yin kọ. Bí 412 bá dé, a kì í pa ohunkóhun rẹ́. A máa ka ìlà tuntun, a máa fi wé ti ìṣáájú, àyè nípa àyè.

Bí ẹnì kejì bá yí fóònù, tí ẹ̀yin sì yí ìbátan, kò sí ìjà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù á gba fóònù tuntun, á fi ìbátan yín sí i, á tún un rán pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun, á sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé akọ̀wé ti yí fóònù ní aago 10:05. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá yí àyè kan náà, àyè yẹn nìkan ló máa yọ, pẹ̀lú bọ́tìnì méjì:

Fóònù: akọ̀wé fi nọ́mbà yìí sí i ní 10:05. Ẹ̀yin kọ nọ́mbà yìí. Èwo ni ká mú?

Báńkì àti nọ́mbà àkáǹtì la so pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àyè kan. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan èyí, tí ẹnì kejì fọwọ́ kan ìyẹn, a kà á sí ìkọlù, fọ́ọ̀mù á sì fi méjèèjì hàn pa pọ̀. Àdírẹ́sì àti ìpínlẹ̀ náà wà nínú irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí láíbúrárì tó lè sọ fún yín àyè wo ló so mọ́ èwo. Ẹ bi àwọn tó ń lo fọ́ọ̀mù.

Script alẹ́ ní tirẹ̀ kò nílò bọ́tìnì. Bó bá rí òdo, á tún ìlà náà kà, á tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, á sì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìdúró díẹ̀ tí kì í dọ́gba. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, á kọ ọ́ sílẹ̀ fún ènìyàn, á sì kọjá lọ. Ẹ má ṣe irú èyí sí ohun tí ènìyàn fọwọ́ tẹ̀. Fífi ipá tún un rán pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun láìwo ohun tó yí padà kò yàtọ̀ sí kí a má ní àyẹ̀wò rárá.

7. Fóònù tó bá ara rẹ̀ jà

Lórí Android yẹn la ti rí èyí. Akápò tẹ "Fi pamọ́", nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé. Ìbéèrè náà ti dé ọ̀dọ̀ sáfà, ẹ̀dà ti kúrò ní 7 sí 8, ìdáhùn ni kò padà dé. Áàpù rò pé kò lọ, ó tún un rán pẹ̀lú ẹ̀dà 7. Sáfà kọ̀ ọ́. Lójú fọ́ọ̀mù, ohun tó jáde ni pé ẹnì kan ti yí àkọsílẹ̀ yìí padà, orúkọ ẹni náà sì ni orúkọ akápò fúnra rẹ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí bíráúsà ṣẹ̀dá UUID kan (àmì ìdánimọ̀ tí kì í bá òmíràn jọra) ní gbàrà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì, kí ó sì máa lo ọ̀kan náà bó ti wù kó tún un rán tó. UUID náà ń wọ tábìlì kékeré kan nínú transaction kan náà pẹ̀lú UPDATE. Bí sáfà bá ti rí i rí, á dá ìdáhùn àkọ́kọ́ padà, kò ní wo ẹ̀dà mọ́. A dán an wò nípa pípa data fóònù ní kété tí ìka bá kúrò lórí bọ́tìnì. Ó gba sùúrù kí ó tó bọ́ sí àkókò tó yẹ gẹ́lẹ́.

8. Ibi tí a kò lo ẹ̀dà rárá: owó

A kọ́kọ́ fi òpó eda sí gbogbo tábìlì. Lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn agbowó mẹ́rin jókòó sí tábìlì mẹ́rin, wọ́n ń gba owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ló ń kọ sí ìlà kan ṣoṣo tó ń tọ́jú àpapọ̀ owó ẹgbẹ́. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, mẹ́ta kùnà, wọ́n tún un gbìyànjú, méjì tún kùnà. Ìlà ènìyàn gùn dé ẹnu ọ̀nà. Optimistic locking dára níbi tí ìkọlù kò ti wọ́pọ̀. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń fà nǹkan kan náà, ńṣe ló ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́.

A pa ìlà àpapọ̀ náà rẹ́. Owó tó bá wọlé ń di ìlà tuntun nínú tábìlì owo_wole, nọ́mbà rìsíìtì rẹ̀ sì jẹ́ UNIQUE, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àpapọ̀ ni SUM (àròpọ̀ àwọn ìlà náà). INSERT (fífi ìlà tuntun sí i) kì í bá INSERT jà, àfi bí nọ́mbà rìsíìtì wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Owó yíyá tún yàtọ̀ sí èyí. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kò lè yá ju ìlọ́po méjì àjẹṣẹ́kù yín lọ. Bí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì bá fọwọ́ sí owó yíyá méjì fún ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á rí i pé àyè wà, á sì fi ìlà tuntun sí i. Kò sí ìlà àtijọ́ tó yí padà, nítorí náà ẹ̀dà kò rí nǹkan kan. Níbẹ̀ ni a ti padà sọ́dọ̀ SELECT ... FOR UPDATE tí a ti lé lọ: ti ìlà ọmọ ẹgbẹ́ náà pa, ṣe SUM, fi owó yíyá sí i tàbí kí o kọ̀ ọ́, COMMIT. Kò sí ènìyàn tó ń ronú láàárín títì àti ṣíṣí, nítorí náà kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

9. Ìdánwò tó dúró nínú kóòdù

Script Node kan ń ka ìlà ìdánwò, ó ń rán UPDATE 20 lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀dà kan náà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé, 19 gbọ́dọ̀ gba 412, ẹ̀dà sì gbọ́dọ̀ gòkè pẹ̀lú ẹyọ kan péré. Ìdánwò kejì ń rán ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú UUID kan: àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gba ìdáhùn kan náà. Ẹ̀kẹta ń rán láìsí If-Match, ó ń retí 428. Méjì ìkẹyìn yìí ló ti já nígbà tí ẹnì kan fi ojú ìwé tuntun kún áàpù.

Ohun tó kù ni pípa ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́. Títí di báyìí, DELETE wa ń lo id nìkan, ìyẹn ni pé ẹnì kan lè pa ìlà tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe rẹ́ láìmọ̀. AND eda = $2 máa wọ ibẹ̀ náà, bọ́tìnì rẹ̀ lójú fọ́ọ̀mù la ṣì ń ronú sí.